Àtẹ́lẹwọ́ Létí Bàsíà

Omi ò tíì bo orúnkún ọmọ tí bàsíà ìjọba fi ṣú. Ó kọ́kọ́ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ki ewé tíì bọ omi gbígbóná, kó tó tó ìṣẹ́jú kan, ó ti dúdú láti ìdí dé etí. Ohùn obìnrin kan jáde lábẹ́ rẹ̀, ohùn ẹni tí ọmọ ò da oorun rẹ̀ láàmú rí, ó ní, "Ìkìlọ̀ kejì. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Màmá Jọláadé ò tilẹ̀ ṣíjú wo bàsíà. Ó jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sínú omi, ọmọ sì nà gbalaja lórí ojúgun rẹ̀ bí ọba lórí ibùsùn. Ó fi kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn etí rẹ̀, ó fà á lápá, ó fà á lẹ́sẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí rẹ̀ jẹ́jẹ́ kó lè rí roboto.

"Má dá a lóhùn, Àwẹ̀ró, ọkọ mi," ni màmá ń wí. "Ẹ̀rọ tó búni tán tó tún ń kíni kú iṣẹ́. Na ẹsẹ̀. Nà á dáadáa, kó o lè ga ju bàbá ẹ lọ."

Ìbídùnní, ìyá ọmọ, dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ pẹ̀lú táwẹ̀lì lọ́wọ́. Ọjọ́ kẹtàlélógójì nìyí tó ti bí Àwẹ̀ró, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ìyá ọkọ rẹ̀ sì ń wẹ ọmọ nínú bàsíà yìí, tí bàsíà ń mọ́ roro. Ìrọ̀lẹ́ àná ló kọ́kọ́ ṣú, bó ṣe máa ń ṣú bó bá rí májèlé lára ọmọ. Wọ́n rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣe ségesège, wọ́n fi aṣọ nù ún, wọ́n lọ sùn.

"Màmá, ó ku ẹ̀ẹ̀kan," ni Ìbídùnní wí.

"Mo gbọ́. Etí mi ò tíì di."

"Tó bá ṣú lẹ́ẹ̀kẹta, ó máa ti ara ẹ̀ pa, á sì pe Ilé Awọ. Orúkọ ẹni tó fọwọ́ lé e ló máa gbé lọ bá wọn."

Àwọn méjèèjì wo etí bàsíà lẹ́ẹ̀kan náà. Àmì ọwọ́ kan wà níbẹ̀, ó tẹ̀ wọnú díẹ̀, ó sì ń dán. Bàsíà kì í fa omi àfi tí ẹni tó fẹ́ wẹ ọmọ bá kọ́kọ́ tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ àmì náà, kó lè mọ ẹni tí yóò mú. Láti ọjọ́ tí ìjọba ti gbé e wá, ọwọ́ Màmá Jọláadé nìkan ló ti tẹ̀ ẹ́ nínú ilé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ gbogbo ará ìlú wà nínú ìwé ìjọba.

"Ẹ jẹ́ ká fo ìwẹ̀ ìrọ̀lẹ́ òní."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó ò ń ṣiṣẹ́ ní Ilé Awọ lò ń sọ bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi? Bí aago márùn-ún bá lù tá ò tíì wẹ̀ ẹ́, kí ni wọ́n máa ka ìyẹn sí?"

Ìbídùnní mọ èsì rẹ̀. Wọ́n máa kà á sí ìkìlọ̀ ni. Òun gan-an wà lára àwọn tó jókòó yí tábìlì ká ní Ilé Awọ, ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣọ́ ohun tí aráàlú fi ń pa ara, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn nígbà tí wọ́n fi òfin yẹn lélẹ̀. Ó tilẹ̀ nawọ́ sókè kí àwọn yòókù tó nawọ́.

Níbikíbi tí Màmá Jọláadé bá ti lọ wẹ ọmọ, ó ń gbé ìwé-àṣẹ awẹmọ rẹ̀ dání nínú férémù, á sì fi kọ́ ìṣó lókè bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bá fún un. Ọmọ tó ti wẹ̀ ní Ìsẹ́yìn lé ní ẹgbẹ̀rin. Àwọn kan nínú wọn ti bímọ, ó ti wẹ àwọn ọmọ náà. Bí májèlé bá jáde lábẹ́ ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe awẹmọ, wọ́n á yà á kúrò lọ́dọ̀ ọmọ fún ogójì ọjọ́, wọ́n á fi oògùn fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n òfin ò dárí ji awẹmọ. Wọ́n á gba ìwé rẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kan ọmọ ọwọ́ mọ́ títí ayé, ì báà jẹ́ ọmọ tí ọmọ rẹ̀ bí. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin tí kì í mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe bí kò bá sí ọmọ níbẹ̀, kí ló máa wá fi ọwọ́ náà ṣe?

Tìróò ló sọ sí Ìbídùnní lọ́kàn. Ní Ilé Awọ, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun ni ti ìyá àgbà àti tìróò: bí òjé ṣe wà nínú òkúta dúdú tí wọ́n ń lọ̀, bó ṣe ń gba ojú ọmọ wọnú ẹ̀jẹ̀, tí ọmọ á dàgbà tán tí ìwé ò ní wọ̀ ọ́ lórí. Òun ló ń kọ́ wọn. Ó sì ti rí àdó kékeré kan nínú báàgì màmá lọ́jọ́ tó dé. Ó rí ojú ọmọ tí wọ́n lé nǹkan dúdú yí ká lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tí gbogbo èèyàn ń sọ pé ọmọ yìí mà lẹ́wà o. Ó dákẹ́ lọ́jọ́ náà, torí pé ìyá ọkọ ni ìyá ọkọ ń jẹ́.

"Màmá, ẹ má bínú. Ṣé kì í ṣe tìróò yẹn ni?"

Màmá Jọláadé bu omi sí ọmọ láyà, ó wo ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀ pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tìróò ni. Èmi ni mo lé e fún un. Ó wà nínú báàgì mi, lọ mú un."

Ó yẹ kí ìyẹn ta Ìbídùnní lólobó. Obìnrin tó lè fi odindi ọ̀sán jiyàn lórí iyọ̀ ọbẹ̀ ni màmá, òun ló wá gba ẹ̀bi wẹ́rẹ́ báyìí. Àmọ́ ẹ̀rù ò jẹ́ kí Ìbídùnní ronú débẹ̀. Ó fún ọmọ lọ́mú títí ó fi yó, ó bu omi bàsíà sínú ìgò kékeré kan, ó mú àdó náà, ó sì jáde.

Ọkọ̀ aláìláwakọ̀ gbé e gba ìdí àwọn ahunṣọ kọjá, níbi tí òfì ti ń fúnra rẹ̀ hun aṣọ, tí àwọn àgbà ahunṣọ kàn jókòó tì í tí wọ́n ń bá a wí bí ẹni pé ó gbọ́. Lẹ́nu ọ̀nà ọjà, èèyàn tò lọ rẹrẹẹrẹ, oníkálùkù ń na ọwọ́ sábẹ́ iná kó tó wọlé, nítorí pé ẹni tó bá ń bó ara kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ tí ẹlòmíràn máa jẹ. Irú iná bẹ́ẹ̀ wà ní ilé-ìwé, ó wà ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, ó wà lẹ́nu ọ̀nà iwájú Ilé Awọ fúnra rẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí kò sí ni ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà. Ẹ̀yìn ni Ìbídùnní gbà wọlé, bó ṣe máa ń ṣe.

Múìnátù, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ láti ọdún méje, dìde kúrò lórí àga rẹ̀. "Ìyá Àwẹ̀ró! Ìsinmi ìbímọ ò tíì tán, kí lo wá wá?"

"Nǹkan kan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò fún ẹnì kan ládùúgbò wa."

Múìnátù gbọn tìróò inú àdó díẹ̀ sí ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà gbé e mì, ó sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Múìnátù kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. "Èédú owú àti òrí. Kò sí òjé kankan níbẹ̀. Ìyá àgbà tó ṣe eléyìí gbọ́n o. Ó jó owú, ó fi òrí pò ó. Ní kó wá máa bá wa kọ́ àwọn ọmọ tuntun yìí níṣẹ́."

Ìbídùnní fa ìgò omi jáde. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀rọ pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, nígbà tó sì sọ̀rọ̀, ẹ̀rín kú lójú Múìnátù.

"Mẹ́kúrì," ni Múìnátù wí. "Èyí kì í ṣe ti tìróò o. Ìpara ni. Ẹnì kan ń bó ara nínú ilé yẹn, ó sì ń gbé ọmọ mọ́ra. Ó lè jẹ́ pé ó ń fún un lọ́mú pàápàá. Sọ fún wọn kí wọ́n tètè wá, Ìbídùnní. Kíndìnrín ọmọ ọwọ́, báwo ló ṣe lágbára tó?"

Ìbídùnní ní òun á sọ fún wọn. Ó kó ẹrù rẹ̀. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn kí Múìnátù tó pè é padà. "Mo fẹ́ sọ ọ́ látẹ̀ẹ̀kan. Ojú ẹ mà mọ́ o. Ìbímọ yìí yẹ ọ́ gan-an."

Inú ọkọ̀ ló ti sunkún. Kò sí awakọ̀ tó máa bi í léèrè, ó sì ń sun ún bí ọkọ̀ ṣe ń gbé e yí ìlú ká títí ọ̀sán fi rọ̀.

Oyún ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́fà, ọrùn rẹ̀ dúdú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú bí ẹni tí èédú ta sí, wọ́n sì sọ fún un pé bó bá bímọ tán, á lọ. Ó bímọ tán, kò lọ. Obìnrin kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ wá kí i lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó gbé agolo kékeré kan tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì fún un, ó ní Ojúmọ́ ni orúkọ rẹ̀, ó ní ewé lásán ni. Ewé lásán! Iye ìgbà tí Ìbídùnní ti gbọ́ ewé lásán lẹ́nu àwọn tó mú kò lóǹkà. Ẹ̀rọ tó lè sọ ohun tó wà nínú agolo náà fún un kò jìnnà sí àga rẹ̀ níbi iṣẹ́, ìṣísẹ̀ méje péré ni. Kò gbé e lọ síbẹ̀. Bí kò bá mọ̀, kò tíì ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ fún ara rẹ̀ láràárọ̀ bó ṣe ń fi í pa ojú àti ọrùn, títí dé igbá àyà, níbi tí ọmọ ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé. Láti ọjọ́ náà kò lọ sọ́jà mọ́, màmá ló ń bá a lọ. Ní àárọ̀ yìí gan-an, lẹ́yìn ìkìlọ̀ kejì, ó ti fún ọmọ lọ́mú títí ó fi yó.

Ó sì ń wá òjé kiri nínú báàgì ìyá ọkọ rẹ̀.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ti lù nígbà tó wọlé. Ọmọ ń ké nínú ibùsùn rẹ̀, ìyẹn ló kọ́kọ́ yà á lẹ́nu, torí pé ọmọ kì í ké tó báyẹn níbi tí Màmá Jọláadé bá wà. Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, ó sì dúró.

Màmá jókòó lórí àpótí níwájú bàsíà. Agolo Ojúmọ́ wà ní ṣíṣí lórí itan rẹ̀. Ó ti ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó sì ń fi ìpara náà pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì láti igbọ̀nwọ́ dé ìka, ó ń rà á wọ àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni ń ra òrí. Ó yí imú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí òórùn.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Má pariwo. Má gbé ọmọ, èmi náà ò lè gbé e báyìí, jẹ́ kó ké díẹ̀. O ti lọ rí i pé tìróò mi mọ́, àbí? Mo mọ̀ pé wàá rí i. Bí mo bá fọwọ́ tó mọ́ lé bàsíà yìí, wọ́n á dé, wọ́n á yẹ̀ mí wò, wọ́n á ní kì í ṣe èmi, wọ́n á máa wá ẹlòmíràn kiri. Mo wá ní kí ọwọ́ mi má mọ́."

Ìbídùnní jókòó sórí ilẹ̀ balùwẹ̀. "Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ kejì. Òórùn ẹ̀ ni mo gbọ́. O rò pé èmi ò mọ òórùn yẹn? Ayé tiwa kọ́ ni wọ́n ti ń tà á lórí àtẹ bí ẹní ń ta bisikíìtì?" Màmá gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó wò ó bí ọwọ́ ẹlòmíràn. "Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, Mopélọ́lá. Ó dúdú, ó ń dán, kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà yẹn, fóònù wa máa ń ya èèyàn ní fọ́tò, á sì fọ àwọ̀ onítọ̀hún funfun láìjẹ́ pé wọ́n ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mopélọ́lá á wo fọ́tò, á wo dígí, inú á bí i sí dígí. Ó bó ara fún ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, iṣẹ́ abẹ tí kò tó nǹkan, awọ rẹ̀ ò gba òwú. Wọ́n rán an, ó já. Wọ́n tún un rán. Kíndìnrín ló pa á níkẹyìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́. Òun lẹni àkọ́kọ́ tí mo wẹ̀."

"Ẹ ò sì bá mi wí."

"Mo fẹ́ bá ọ wí. Àràárọ̀ ni mò ń gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun, màá rí ọ níwájú dígí, tó ò ń fi ọwọ́ bo ọrùn rẹ, á ṣe mí láàánú. Mo ń sọ pé lọ́la. Mo ń fi ọṣẹ dúdú fọ ọmọ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta ṣáájú bàsíà, mo rò pé ìyẹn á gbé e kúrò. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, kò kéré." Ó rọra dé agolo náà. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, mo ń wo orí ọmọ. Jẹ́ kí n gbé èyí. Ẹgbẹ̀rin ọmọ ni mo ti wẹ̀, ìyàwó mi. Ìwọ, ẹyọ kan lo ní."

Ìbídùnní gbé orí lé orúnkún màmá, ó sì sunkún níbẹ̀ bó ṣe lè sunkún lórí orúnkún ìyá tó bí i. Ó ń rò ó nínú ẹkún náà. Ó rọrùn. Bí màmá bá fọwọ́ lé bàsíà, òun á ju agolo sínú iná, òun á padà síbi iṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, òun á máa kọ́ àwọn ọmọ tuntun nípa ìyá àgbà. Àwẹ̀ró á máa sùn ní àyà òun lóru òní. Ogójì ọjọ́! Ọmọ tó jẹ́ pé ọjọ́ kẹtàlélógójì rẹ̀ nìyí. Tí ogójì ọjọ́ bá fi pé, ó lè ti gbàgbé òórùn òun.

Lẹ́yìn náà ló wá rántí ohun tí Múìnátù sọ.

"Màmá, wọn ò ní wo ẹ̀jẹ̀ mi," ni ó wí. "Tẹ́ ẹ bá gbé e, ẹ̀yin ni wọ́n máa fi oògùn fọ̀, èmi á sì máa fi ọmú yìí bọ́ ọ lọ. Kò sí lójú mi nìkan mọ́, ó ti wà nínú wàrà."

Màmá gbé agolo náà sílẹ̀.

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú méjìlá. Ìbídùnní dìde, ó wọ ìbọ̀wọ́ Ilé Awọ méjì léra wọn, ó gbé ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn, ó sì jókòó ti ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ẹ na ọwọ́."

"Ìbídùnní." Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí màmá máa pè é ní orúkọ.

"Ẹ na ọwọ́, màmá. Ẹ nà á dáadáa, kẹ́ ẹ lè ga ju bàbá yín lọ."

Màmá Jọláadé rẹ́rìn-ín nígbà tí kò rò pé òun á rẹ́rìn-ín, omi sì ń jáde lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́. Ìbídùnní fọ̀ ọ́ láti igbọ̀nwọ́ dé ìka, ó fọ àárín ìka kọ̀ọ̀kan, ó fọ abẹ́ èékánná, ó da omi sí i, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ọwọ́ náà dúdú, awọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, iṣan inú rẹ̀ yọ jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fọ̀ ọ́, títí kò fi sí òórùn kankan níbẹ̀ mọ́ àyàfi ti ọṣẹ.

Lẹ́yìn náà ó bọ́ ìbọ̀wọ́. Kò tún ronú sí i, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá ronú, òun á padà sẹ́yìn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé etí bàsíà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ àmì náà. Ọwọ́ màmá tóbi ju tirẹ̀ lọ, ibi tí ọwọ́ màmá máa ń dúró sí ti ń dán.

Bàsíà ò tilẹ̀ dúró gba omi. Ó ṣú kíákíá.

"Ìkìlọ̀ kẹta. Ìbídùnní, ìyá ọmọ, òṣìṣẹ́ Ilé Awọ. Wọ́n ti ń bọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ọmọ mọ́. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Kú iṣẹ́ ìwọ náà, aláìlójútì," ni Màmá Jọláadé dá a lóhùn. Ó dìde lórí àpótí pẹ̀lú ọwọ́ lórí ìbàdí, ó lọ sínú yàrá, ó sì gbé ọmọ. Ó gbé ike ìfọṣọ kan kalẹ̀ ní àárín pálọ̀, ike lásán tí kò mọ nǹkan kan, ó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ sínú rẹ̀. "Màá bá ìyàwó Rábíù ará ilé kejì sọ̀rọ̀," ni ó ń wí lọ bó ṣe ń tú aṣọ ọmọ. "Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wàrà rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ọmọ rẹ̀ lè mu. Ìwọ, wọ́n á fún ọ lóògùn. Ní ti iṣẹ́, wọ́n á lé ọ, má tan ara rẹ jẹ. Wá gba ìwé-àṣẹ awẹmọ nígbà tí ara rẹ bá mọ́. O mọ ọwọ́ fọ̀."

Ìbídùnní dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń wá ibi tí yóò wà. Àwẹ̀ró ń ké nínú ike, ẹkún ebi ni, ọmú sì ń sun wàrà sí aṣọ rẹ̀ lára nítorí ẹkún náà. Kò mọ̀ pé nǹkan lè dun èèyàn báyìí. Ó gbọ́ ìró ọkọ̀ Ilé Awọ tó ń yà wọ àdúgbò.

Màmá gbé ojú sókè.

"Kí ló dé tó o dákẹ́? Ọwọ́ rẹ ni wọ́n dè, wọn ò de ẹnu rẹ. Mẹ́kúrì ò sí nínú ohùn. Fi oríkì kì í."

Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí.

"Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró ọmọ Jọláadé. Ọmọ tí wọ́n wẹ̀ lówùúrọ̀ tí wọ́n tún wẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọmọ ìyá tó ṣẹ̀ tó jẹ́wọ́. Dúró dè mí, Àwẹ̀ró, mò ń bọ̀."

Ọmọ náà dákẹ́ lórí ojúgun ìyá àgbà. Ó yí orí rẹ̀ kékeré sí apá ẹnu ọ̀nà, ó ń wá ẹni tó ń pè é.